Aṣọ Ìbora Tí A Fi Aṣọ Iṣẹ́ Olóògbé Rán

Missouri Pettway, Gee's Bend, ìpínlẹ̀ Alabama, Amẹ́ríkà, 1942
Aṣọ òwú, kọ́dúróì àti aṣọ àpò

Inú ilé ni a ti rán aṣọ ìbora yìí, ní Gee's Bend, abúlé àwọn aláwọ̀dúdú tí odò Alabama yí ká lápá mẹ́ta, níbi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ṣì ń jẹ́ orúkọ olóko òwú tó kó àwọn baba ńlá wọn lẹ́rú. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ máa ń ní ìpele mẹ́ta: ojú òkè tí a fi àjákù aṣọ rán pọ̀, òwú àárín tó ń mú un móoru, àti ẹ̀yìn rẹ̀, tí a ó sì fi abẹ́rẹ́ gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kí wọ́n má bàa yẹ̀.

Ìlò rẹ̀ gbogboogbò ni láti lé òtútù. Èyí ní ìdí mìíràn, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí Arlonzia, ọmọ Missouri, ti sọ, ìgbà tí ọkọ ìyá yìí kú ló tú àwọn aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, tó sì rán wọn pọ̀ láti máa fi ṣe ìrántí rẹ̀, kí ó sì máa sùn lábẹ́ wọn.

Ẹ̀gbẹ́ aṣọ ìbora náà kò tọ́ gbọn-in, ṣùgbọ́n àṣìṣe gbáà ni láti ka èyí sí àìmọ̀ọ́rán, nítorí aránṣọ náà jẹ́ kí ìrísí aṣọ tó wà lọ́wọ́ darí iṣẹ́. Kí olùwòran fara balẹ̀ wo àwọ̀ búlúù rẹ̀, tó dúdú níbì kan tó sì ti ṣí níbòmíràn, níbi tí oòrùn, òógùn àti fífọ̀ ti kàn án nígbà tó ṣì wà lára ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ sóko.