Ẹ Wo Ojú Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Gbé E

 

Ọ̀rọ̀ kan ló ń dùn mí lọ́kàn. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń já iṣu, ọmọkùnrin alábàárù kan já bọ́ láti orí lọ́rì, ó forí sọlẹ̀. Kíá la ti bò ó. Ẹnì kan ń da omi sí i lórí, ẹlòmíràn ń fà á lápá pé kó dìde jókòó. Èmi gan-an ni mo gbé omi wá. Àánú ló ń ṣe wá, àmọ́ a ò mọ ohun tí à ń ṣe.

Nọ́ọ̀sì kan ló wá là wá lóye ní ìpàdé. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, òótọ́ ni. Lọ́dún 1974, dókítà méjì ní Glasgow, ní ilẹ̀ Scotland, Graham Teasdale àti Bryan Jennett, ṣe òṣùwọ̀n kan fún ẹni tó bá forí pa. Wọ́n ń lò ó títí dòní. Ojú lílà ní máàkì 4, ọ̀rọ̀ ẹnu ní 5, bó ṣe ń gbé apá àti ẹsẹ̀ ní 6. Ẹni tó gba 15, ojú rẹ̀ là, ó ń sọ̀rọ̀ gaara, ó ń ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ẹni tó gba 8 wálẹ̀, ọ̀ràn rẹ̀ le gan-an. Ẹni tí kò mira rárá gba 3.

Àwa náà lè wò ó. Ẹ pè é: ṣé ó lajú? Bí ọmọlójú kan bá fẹ̀ ju èkejì lọ, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tàbí wíwú ń ti ọpọlọ nínú agbárí. Bí apá bá ká mọ́ àyà tí ẹsẹ̀ nà gbọnrangandan, tàbí tí apá tẹsẹ̀ le bí igi, ẹ má kàn pè é ní wárápá. Ewu ńlá ni.

Bó bá lajú, tó ń sọ̀rọ̀, àmọ́ tí kò lè gbé ẹsẹ̀, tàbí tó ní ọrùn ń dun òun, ọ̀pá ẹ̀yìn lè ti fara pa. Ẹ má gbé e jókòó, ẹ má fún un lómi mu. Kí ẹnì kan fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú kó má yí. Bó bá ń bì, kí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí orí, ọrùn àti ẹ̀yìn wà ní ọ̀gbọọrọ bíi pákó. Kí ẹnì kan pe 112.

Ẹni tó bá sì dìde fúnra rẹ̀, tó wá ń bì tàbí tó ń sùn ṣáá lẹ́yìn náà, ọsibítù ni o.

Ọmọ alábàárù yẹn yè, a dúpẹ́. Àmọ́ ọ̀pá ló fi ń rìn. Bóyá ìṣubú ló fà á, bóyá ọwọ́ wa ni. Nígbàkigbà tó bá kọjá níwájú ìsọ̀ mi, tó ní "Màmá, ẹ kú ọjà," orí mi máa ń wálẹ̀.

Ẹni tó bá mọ̀wé, kó kà á fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Èmi ni akọ̀wé yín.