Ilé Àtijọ́ Tí Àlejò Ń Gbé Ró

Nílé wa, ẹni tó gba àlejò ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Bí àlejò bá wọlé, a ó bu omi fún un, a ó béèrè àlàáfíà àwọn tó fi sílẹ̀ nílé, a ó sì wá nǹkan sí i lẹ́nu. Bí ilẹ̀ bá ṣú, yàrá kan yóò ṣí sílẹ̀ fún un, kódà bí àwọn ọmọ ilé yóò bá sùn sí páálọ̀. Kò sí ẹni tí yóò gbé ìwé owó lé e lọ́wọ́ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Àwọn àgbà ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Onílé ló ni iyì, òun náà ló sì ni ìnáwó.

Ẹni tó bá gbé àṣà yìí lọ sí abúlé kan ní Ìlú Ọba, tó wọ ilé ńlá àtijọ́ tí wọ́n ti ń gba èèyàn sùn, yóò bá ọ̀rọ̀ náà ní òdìkejì. Wọn á kí i káàbọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọn á po tíì fún un, wọn á bá a gbé àpótí rẹ̀ gòkè. Ṣùgbọ́n owó tó san kó tó débẹ̀ ni wọ́n fi ń tún òrùlé ṣe. Lọ́hùn-ún, àlejò ló ń gbé ilé ró. Mo fẹ́ ká wo bó ṣe rí bẹ́ẹ̀ fínnífínní, nítorí ẹ̀kọ́ kan wà nínú rẹ̀ fún gbogbo àwa tí ilé ẹbí wa ń jò.

Ẹ má fi ojú hòtẹ́ẹ̀lì wo irú ilé bẹ́ẹ̀. Agbo ilé baálẹ̀ ló jọ jù lọ́dọ̀ wa: ilé tí a kọ́ fún ìran kan, tí oko àti àwọn tó ń dá oko náà yí ká, tí ìtàn ìdílé sì wà lára ògiri rẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé gbogbo ọmọ ló ni agbo ilé tiwa. Lọ́dọ̀ tiwọn, àkọ́bí ọkùnrin ló sábà máa ń jogún ilé àti ilẹ̀, àwọn àbúrò á sì lọ ṣe iṣẹ́ ológun, iṣẹ́ àlùfáà tàbí òwò. Ohun tí kò jẹ́ kí àwọn ilé ńlá wọ̀nyí pín sí wẹ́wẹ́ fún ọ̀pọ̀ ìran nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan. Goldsborough Hall wà lẹ́bàá ìlú Knaresborough ní Yorkshire. Adájọ́ Richard Hutton ló kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Nígbà tó yá, ó bọ́ sọ́wọ́ ìdílé Lascelles. Ní 1922, Ọmọ-ọba Mary, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ọba George Karùn-ún bí, di aya àrólé ìdílé náà, Goldsborough sì di ilé ọkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi àkọ́bí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì abúlé náà ní 1923, ọba àti ayaba fúnra wọn wá. Lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ jogún oyè, wọ́n kó lọ sí Harewood House tó tóbi ju èyí lọ. Láti ìgbà náà ni Goldsborough ti ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn: ó di ilé-ìwé, ó di hòtẹ́ẹ̀lì, ó di ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ní 2005, ìdílé kan rà á, wọ́n fara balẹ̀ tún un ṣe, wọ́n sì ṣí yàrá rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ sùn mọ́jú kó sì jẹun àárọ̀. B&B ni wọ́n ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀.

Kí ló sọ ilé tí ọba ti wá kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ di ilé tí àjèjì lè sanwó sùn? Owó ni. Oko ló ń bọ́ àwọn ilé wọ̀nyí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àlìkámà olówó pọ́ọ́kú láti Amẹ́ríkà kún ọjà Ìlú Ọba lẹ́yìn 1870, èrè oko já wálẹ̀. Ní 1894, ìjọba gbé owó orí tuntun lé ogún: bí olórí ìdílé bá kú, àrólé ní láti san nínú ohun tó jogún. Owó náà kò pọ̀ níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó fi di 1949, ó ti tó 80 nínú 100 lórí àwọn ogún tó tóbi jù. Ogun Àgbáyé méjèèjì pa ọ̀pọ̀ àrólé. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gbálẹ̀, tó ń dáná, tó ń tún ọgbà ṣe sì rí iṣẹ́ tó sàn jù ní ìlú ńlá. Ilé tó ní àádọ́ta yàrá kò wá rí ẹni tí yóò máa ṣí fèrèsé rẹ̀ mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó wọn. Nígbà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní London ṣe àfihàn lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1974, iye ilé ńlá tí wọ́n kà pé ó ti pa rẹ́ lé ní 1,000.

Àwọn tí kò fẹ́ kí tiwọn wó wá ọgbọ́n dá sí i. Ní 1949, Marquess ti Bath ṣí ilẹ̀kùn Longleat fún ẹnikẹ́ni tó bá lè san owó ìwọlé. Àwọn mìíràn fi ilé wọn lé National Trust lọ́wọ́, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1895 láti máa tọ́jú ilẹ̀ àti ilé tó níyì. Àwọn tí ilé wọn kò tóbi tó bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba àlejò sùn.

Òfin pẹ̀lú kò fi onílé lọ́rùn sílẹ̀. Goldsborough wà nínú ìwé àwọn ilé tí ìjọba ń dáàbò bò, ní Grade II*, ipò kejì nínú mẹ́ta. Ẹni tó ni irú ilé bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yọ fèrèsé igi kó fi ti ike rọ́pò rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ wó ògiri inú ilé láìgba àṣẹ. Ẹni tó bá ṣe é, ilé ẹjọ́ lè fìyà jẹ ẹ́. Bí òrùlé bá jẹ́ ti òjé, òjé ni wọn á retí pé kó fi tún un ṣe. Òfin kò jẹ́ kó ṣe ilé bó ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n kò fún un lówó ìtọ́jú. Àlejò ló ń mú owó yẹn wá.

Èyí ló fà á tí ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ fi yàtọ̀ sí ti hòtẹ́ẹ̀lì ìgbàlódé. Láti bí agogo mẹ́ta tàbí mẹ́rin ọ̀sán ni wọ́n sábà ń gba àlejò wọlé. Lọ́pọ̀ ìgbà, onílé fúnra rẹ̀ ló ń ṣílẹ̀kùn. Yóò fi yàrá ìgbàlejò tí wọ́n ti ń yáná hàn yín, yóò sì béèrè agogo tí ẹ fẹ́ jẹun láàárọ̀. Pákó ilẹ̀ yóò máa dún lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Àtẹ̀gùn pọ̀, ẹ̀rọ agbéniròkè kì í sì í sábà sí. Bí ẹ bá ń mú màmá tó ti dàgbà dání, ẹ tètè sọ kí wọ́n lè fún wọn ní yàrá ìsàlẹ̀. Ògiri tó nípọn máa ń dí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, inú ilé sì máa ń tutù. Ẹ mú súwẹ́tà dání, kódà nínú oṣù kẹfà.

Nínú yàrá tó tóbi, ẹ lè bá bẹ́ẹ̀dì olópòó mẹ́rin tí aṣọ ìkélé yí ká. Kì í ṣe ẹwà nìkan ni wọ́n fi aṣọ náà wá. Nígbà tí kò tíì sí ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru, òun ló ń dí atẹ́gùn òru, òun ló sì ń fi ẹni tó sùn pamọ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀ bá wọlé wá dáná ní ìdájí. Ẹ wo ara ògiri dáadáa: ẹ lè rí okùn tàbí ọwọ́ irin tí wọ́n fi ń fa aago tó wà nísàlẹ̀, nítòsí ilé ìdáná, tí ìránṣẹ́ á sì mọ yàrá tí wọ́n ti ń pè é. Ẹ wá àtẹ̀gùn kejì, èyí tó há, tó gba ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà kí ọ̀gá má baà pàdé wọn pẹ̀lú garawa omi gbígbóná tàbí eérú lọ́wọ́. Inú ilé kan ṣoṣo ni wọ́n la ọ̀nà méjì sí. Ẹni tó bá sùn mọ́jú níbẹ̀ yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ ohun tí ẹni tó wá wòran fún wákàtí kan kò lè mọ̀.

Oúnjẹ àárọ̀ ni iṣẹ́ tó gbé gbogbo ètò yìí dúró. Yàrá ìjẹun ìdílé ni wọ́n ti sábà máa ń jẹ ẹ́. Ẹ ó rí ẹyin, sọ́séèjì, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ tí wọ́n dín, tòmátì, olú, ẹ̀wà inú agolo, búrẹ́dì tí wọ́n yan, bọ́tà àti jáàmù ọsàn, pẹ̀lú tíì tàbí kọfí. Ohun dúdú roboto tí ẹ bá rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin, ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Kí Mùsùlùmí àti ẹni tí kì í jẹ ẹ̀jẹ̀ mọ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ kì í jẹ nígbà tí ẹ bá ń gba yàrá, wọn á sì wá nǹkan mìíràn fún yín. Ọgbọ́n tó wà nínú ètò yìí ni pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni onílé ń dáná fún àlejò lójúmọ́. Ìdílé tí kò lágbára láti gba agbo òṣìṣẹ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, kó sì fi ìyókù ọjọ́ ro ọgbà, kó kun fèrèsé, kó nu omi òjò kúrò ní àjà. Bí ẹ bá wọ yàrá ìjẹun, ẹ kí àwọn tó wà níbẹ̀, wọn á dáhùn. Ẹ bi onílé ní ìtàn ilé náà.

Ẹ bi í pẹ̀lú, ibo ni owó ti wá? Ní ti Goldsborough, Henry Lascelles, tó sọ ìdílé rẹ̀ di olówó ńlá, ṣòwò ṣúgà ní Barbados ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kejìdínlógún, ó sì lọ́wọ́ nínú òwò ẹrú. Daniel, ọmọ rẹ̀, ló ra Goldsborough. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí oko ẹrú ní Barbados àti àwọn ilẹ̀ bí i tirẹ̀ láàárín ọdún 1830 sí 1840, olórí ìdílé náà gba owó gbà-má-bínú tó lé ní £26,000 lórí èèyàn 1,277 tó wà ní oko rẹ̀ ní Barbados àti Jamaica. Àwọn èèyàn náà fúnra wọn kò gba kọ́bọ̀. Áfíríkà ni wọ́n ti kó àwọn baba ńlá wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló gbé ilé ìdílé yẹn ró ṣáájú àlejò èyíkéyìí.

Ní 2020, National Trust tẹ ìwé kan jáde tó fi hàn pé 93 nínú àwọn ibi tó ń tọ́jú ló ní nǹkan ṣe pẹ̀lú òwò ẹrú tàbí ìjọba amúnisìn. Inú bí àwọn kan. Lójú tèmi, iṣẹ́ rere ni. Ilé tó bá ń gba owó nítorí ìtàn rẹ̀ jẹ wá ní ìtàn náà lódindi. Ọmọ Yorùbá tó bá sùn níbẹ̀, kó gbórí sókè, kó sì béèrè ọ̀rọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá gan-an nìyí. Ní Èkó, àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà dé kọ́ àwọn ilé tó jojú ní gbèsè. Ọ̀kan nínú wọn ni Ilé Ilọ́jọ, nítòsí Tinúbú, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 1855. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ìkéde ọgọ́ta ọdún kò gbà á sílẹ̀. Ìwé ìjọba lè ní kí ilé má wó, ṣùgbọ́n kì í ra sìmẹ́ǹtì, kì í sì í san owó kápẹ́ńtà.

Àwọn ilé tó lọ́jọ́ lórí ṣì wà ní Èkó, Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Àjàṣẹ́. Ilé ẹbí ni púpọ̀ nínú wọn. Nítorí pé gbogbo ọmọ ló ni ín, olúkúlùkù ń retí pé kí ẹnìkejì tún un ṣe. Àwọn kan á sọ pé ìtìjú ni kí Yorùbá gba owó lọ́wọ́ àlejò. Àlejò tó wá kí wa, omi àti oúnjẹ rẹ̀ ṣì wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó wá wo ilé, tó fẹ́ sun inú rẹ̀, tó sì fẹ́ gbọ́ ìtàn baba wa, kò ní bínú bí a bá ní kó dá sí owó páànù.

Kò dìgbà tí a bá tún gbogbo ilé ṣe. Yàrá méjì tó mọ́, balùwẹ̀ tó ní omi, ògì àti àkàrà gbígbóná láàárọ̀, àti àgbà kan tó mọ ìtàn ìdílé ti tó. Kí ẹbí kọ àdéhùn sílẹ̀, kí gbogbo ẹ̀ka fọwọ́ sí i: owó tó bá wọlé, inú àpò kan ni kó máa lọ, òrùlé ni kó sì kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀. Mo rọ ìpàdé ẹbí tó ń bọ̀ láti fi èyí ṣáájú, kí wọ́n tó jíròrò ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ ẹbí.