Ohùn Bàbá Àgbà Nínú Àwo Orin

Yorùbá bíi tiwa ni Josiah Ransome-Kuti. Wọ́n bí i ní 1855, ní Abẹ́òkúta, ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Àlùfáà ni, ó sì máa ń fi orin wàásù.

Nígbà náà, ohùn orin òyìnbó ni wọ́n sábà máa ń fi kọ orin Yorùbá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí máa ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Bí ohùn bá yí padà, ọkọ́ tí a fi ń ro oko lè di ọkọ̀ tí a ń wọ̀! Ransome-Kuti wá ń ṣe orin tí ó bá ohùn Yorùbá mu.

Ní 1922, ó kọrin ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó kọ ọ́ sínú fèrè ńlá kan. Ohùn rẹ̀ mú kí abẹ́rẹ́ kan máa gbọ̀n. Abẹ́rẹ́ náà fa ìlà tín-ín-rín sára ìda. Láti ara ìda yìí ni wọ́n ti ṣe àwo orin. Bí àwo náà bá ń yí lórí ẹ̀rọ, ohùn á tún jáde. Orin 43 ni ó kọ sínú àwo báyìí.

Ransome-Kuti kú ní 1930. Wọ́n bí Fela, ọmọ ọmọ rẹ̀, ní 1938. Fela di olórin tí gbogbo ayé mọ̀. Kò bá bàbá àgbà láyé, ṣùgbọ́n ohùn bàbá àgbà wà nínú àwo.

Orin tí a kò kọ́ lẹ́nu àgbà lè sọnù. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kọ́ tiyín.

Ìbéèrè
1. Níbo ni wọ́n ti bí Ransome-Kuti?
2. Kí ni abẹ́rẹ́ náà ṣe?
3. Orin àtijọ́ wo ni wọ́n mọ̀ ní ilé yín?