Ohun Tí Ó Wà Lábẹ́ Iyanrìn

Ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ ni mo bá wá, pàápàá ní Lẹ́kkí àti Ajah ní ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí ilẹ̀ wà láàárín ọ̀sà àti òkun.

Bí ènìyàn bá ra ilẹ̀ níbẹ̀, ó lè fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ihò kan wò. Bí ó bá rí iyanrìn, a ní, "Ilẹ̀ yìí dára. Ẹ ò rí ọgbà aládùúgbò wa, kò lanu rárá." Òótọ́ ni ó sọ nípa ọgbà, ṣùgbọ́n ilé kì í ṣe ọgbà.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ìpele-ìpele ni ilẹ̀ ibẹ̀. Iyanrìn lè wà lókè, yálà èyí tí òkun kó jọ, tàbí èyí tí a fà láti inú ọ̀sà láti fi dí àbàtà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, amọ̀ rírọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, tàbí ilẹ̀ dúdú tí ó kún fún ewé àti gbòǹgbò jíjẹrà. Ó dà bí ẹní tí a tẹ́ sórí tìmùtìmù òwú: ẹní ni ojú rí, tìmùtìmù ni yóò rì.

Bí ẹrù ilé ti ń lọ sísàlẹ̀ ni ó ń fẹ̀, tí ìtẹ̀ rẹ̀ sì ń dínkù. Àwọn ẹnjiníà ní ọ̀nà kúkúrú kan láti ṣírò rẹ̀: fún mítà kọ̀ọ̀kan tí a bá wọlẹ̀, a ó fi mítà kan kún ìbú àti òró ibi tí ẹrù náà tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ní amọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní mítà 4 lábẹ́ ìpìlẹ̀. Ẹsẹ̀ òpó ọgbà tí ó jẹ́ mítà 1 níbùú lóròó yóò ti fẹ̀ di mítà 5 kí ó tó dé amọ̀. Márùn-ún lọ́nà márùn-ún jẹ́ 25. Ìdá kan nínú 25 ìtẹ̀ náà ni ó kan amọ̀. Ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 10 níbùú lóròó yóò di mítà 14: nǹkan bí ìdajì ìtẹ̀ rẹ̀ ni ó kan amọ̀. Iyanrìn kan náà ni, amọ̀ kan náà ni. Ọgbà kò mọ̀ pé amọ̀ wà níbẹ̀, ilé mọ̀.

Láti mọ bí ilé yóò ti rì tó, a ó mú ìtẹ̀ tí ó kan ìpele kan, a ó fi sísanra ìpele náà sọ ọ́ di púpọ̀, a ó sì fi líle rẹ̀ pín in. A ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìpele kọ̀ọ̀kan, a ó sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Iyanrìn tí ó ki lè le ju amọ̀ rírọ̀ lọ ní ìlọ́po 10. Nígbà náà, mítà 1 amọ̀ yóò rì tó mítà 10 iyanrìn lábẹ́ ìtẹ̀ kan náà.

Iyanrìn a máa rì lójú ẹsẹ̀, bí a ti ń mọ ògiri lọ. Amọ̀ ní tirẹ̀ dà bí àpò ẹ̀gẹ́ rírin tí a gbé òkúta lé: díẹ̀díẹ̀ ni omi ń fún jáde. Ìṣirò ti àkọ́kọ́ yẹn nìkan kò tó fún un. Ó lè rì fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí onílé ti kó wọlé. Bí amọ̀ bá sì nípọn ní ìhà kan ju èkejì lọ, ilé yóò fì sí ìhà kan, ògiri yóò lanu, ilẹ̀kùn kò ní ṣeé tì mọ́. Ilé ìṣọ́ agogo ìlú Pisa ní Ítálì, tí a bẹ̀rẹ̀ ní 1173, ti fì kí a tó kọ́ ọ parí, nítorí ilẹ̀ rírọ̀ abẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ sanwó kí wọ́n lu ilẹ̀ wò ní ibi tí ó ju ẹyọ kan lọ, kí ó jìn tó ìlọ́po 2 ìbú ilé. Nígbà náà ni ẹnjiníà yóò lè yàn: bóyá kí a ri òpó gígùn kọjá amọ̀ dé ilẹ̀ líle, tàbí kí a kó iyanrìn lé ilẹ̀ náà kí ó rì tán kí a tó kọ́lé. Owó ihò kò tó owó ilé. Ẹ bi ilẹ̀ léèrè kí ẹ tó gbé ẹrù lé e.