Òṣùwọ̀n Ìgbóná fún Ẹni tí ń Pọn Ọtí Nílé

Ní ìlú Oǹdó, ìka ọwọ́ ni ìyá mi fi ń mọ bí omi ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ti gbóná tó. Nígbà mìíràn, ìka a tàn án jẹ, ọtí a kan, owó a sì wọgbó. Ìmọ̀ àwọn ìyá wa jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ àgbẹ̀ àti ọwọ́ akọ̀wé kì í mọ iná lára bákan náà.

Bí a bá po àgbàdo híhù tí a lọ̀ mọ́ omi, ní nǹkan bí 65 °C ni èròjà inú rẹ̀ ń sọ sítáàṣì di ṣúgà dáadáa. Bí ó bá ju 80 °C lọ, agbára èròjà náà yóò kú. Nítorí náà, òṣùwọ̀n oní-bátìrì tí ó ní ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ rà, kí ó lè kà dé 100 °C, kí nọ́ńbà rẹ̀ sì dúró láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 10. Èyí tí a fi ń yẹ ibà wò kò wúlò níhìn-ín, nítorí kì í sábà kà ju nǹkan bí 43 °C lọ. Èyí tí ó ní mákúrì nínú dígí léwu: bí ó bá fọ́ sínú ìkòkò, májèlé ni.

Bí ẹ bá rà á l'Ákùúrẹ́, ẹ kó yìnyín wẹ́wẹ́ kún ife, ẹ bu omi díẹ̀ sí i, ẹ rò ó, kí ẹ sì ti ọ̀pá náà bọ̀ ọ́: 0 °C ni ó gbọdọ̀ kà. Èyí tí ó bá yege, bí ó tilẹ̀ pọ́ọ́kú, ó tó. Kò gba ipò ìyá mi. Ẹlẹ́rìí ìka rẹ̀ ni.