Rọ́bà Tí Ń Bá Aláìsàn Mí, àti Òtútù Àyà Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

Ẹni tí wọ́n bá kùn lóorun fún iṣẹ́ abẹ ńlá kò lè dá mí mọ́. Oògùn tó ń mú iṣan dẹ̀ kí ọwọ́ dókítà lè ríbi ṣiṣẹ́ nínú ikùn tàbí àyà, òun náà ló ń mú iṣan tí a fi ń mí dẹ̀. Ikọ́ tó máa ń lé itọ́ tó ṣìnà jáde kò ní sí mọ́. Ìdí nìyí tí dókítà olóògùn oorun fi ń ki rọ́bà kan gba ẹnu aláìsàn, kọjá láàárín tán-án-ná rẹ̀, wọ inú ọ̀nà èémí, kí ẹ̀rọ lè máa gba ibẹ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i.

Ihò inú rọ́bà náà kò ju nǹkan bí mìlímítà 7 sí 8 lọ fún àgbàlagbà. Wọ́n dá ihò kékeré mìíràn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ nítòsí ṣóńṣó rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè ríbi gbà bí ẹnu rọ́bà bá fara ti ògiri ọ̀nà èémí. Lókè ihò yìí ni bàlúùnù kékeré kan wà tó yí rọ́bà ká, òun gan-an ni ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lé.

Nígbà tí Ivan Magill ń fún àwọn ọmọ ogun tí ojú wọn bàjẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kìíní lóògùn oorun ní Sidcup, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí bàlúùnù lára rọ́bà rẹ̀. Lọ́dún 1928, Arthur Guedel àti Ralph Waters gbé èyí tó ní bàlúùnù jáde ní Amẹ́ríkà. Láti fi hàn pé ó ń dí ọ̀nà, Guedel kun ajá rẹ̀ lóorun, ó ki rọ́bà sí i lọ́fun, ó rì í sínú omi. Ajá náà ń mí, ó sì jí láyọ̀.

Ṣùgbọ́n bàlúùnù ìgbà yẹn kéré, ó sì le. Agbára tí wọ́n fi ń fẹ́ ẹ kó tó dí ọ̀nà pọ̀ débi pé ẹ̀jẹ̀ kì í dé ara tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ á kú, á di àpá, ọ̀nà èémí á sì fún. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n bọ́ sórí ike tó gbòòrò, tó sì rọ̀. Agbára tí wọ́n ń fẹ́ lónìí jẹ́ sẹ̀ǹtímítà omi 20 sí 30. Bó bá kéré sí i, itọ́ á ráyè kọjá. Bó bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè ṣàn dáadáa.

Bàlúùnù gbòòrò náà ní ìyọnu tirẹ̀. Nítorí pé ó fẹ̀ ju ọ̀nà èémí lọ, ńṣe ló ń hunjọ, bí agbádá bàbá lọ́rùn ọmọdé. Àárín ìhunjọ yẹn ni itọ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti omi tó gòkè láti inú ikùn ń gbà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tòun ti kòkòrò àrùn inú ẹnu. Ojú kò rí i, etí kò gbọ́ ọ. Lẹ́yìn bí ọjọ́ méjì, mẹ́ta, ibà á gbé aláìsàn, òtútù àyà ti wọlé nìyẹn.

Àwọn kan fi ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ń jẹ́ polyurethane ṣe bàlúùnù, kí ìhunjọ rẹ̀ lè kéré. Àwọn mìíràn ṣe é kó gbòòrò lókè, kó tín-ín-rín nísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán èyí wò lára aláìsàn, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Èyí tí mo fara mọ́ jù ni rọ́bà tó ní ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ṣí sókè bàlúùnù. Nọ́ọ̀sì á máa gba ibẹ̀ fa omi tó dúró síbẹ̀ kó tó ráyè sọ̀. Ìwádìí tí wọ́n kó jọ fi hàn pé ó ń dín òtútù àyà kù tó nǹkan bí ìdajì láàárín àwọn tó ń pẹ́ lórí ẹ̀rọ. Ó wọ́n ju rọ́bà lásán lọ, ẹni tí yóò jí lórí tábìlì kò sì nílò rẹ̀. Ẹni tí wọ́n mọ̀ pé yóò lò ju ọjọ́ méjì lọ lórí ẹ̀rọ ni kí wọ́n fi sí láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ewu wà nínú pípààrọ̀ rọ́bà lọ́fun ẹni tí ara rẹ̀ kò yá.

Láti mọ agbára inú bàlúùnù yìí, ọ̀pọ̀ dókítà ṣì ń fi ìka tẹ bàlúùnù kékeré tó wà níta, tó so mọ́ ti inú, wò. Ìka kò mọ iye. Gáàsì oorun tí ń jẹ́ nitrous oxide pàápàá a máa wọ inú bàlúùnù náà, á sì máa le sí i bí iṣẹ́ ti ń lọ. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń ka agbára yìí lójú ẹsẹ̀. Kò yẹ kí tíátà kankan wà láìní in.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ rọ́bà, ó ku ohun tí aláìsàn fúnra rẹ̀ lè ṣe. Lójú oorun, ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóóró ti wó pọ̀. Ìrora ọgbẹ́ kì í sì í jẹ́ kéèyàn mí kanlẹ̀ tàbí kó wúkọ́. Ní Boston Medical Center, ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó ìtọ́jú tó rọrùn jọ sínú ètò kan tí wọ́n pè ní I COUGH: mímí kanlẹ̀, wíwúkọ́, fífọ ẹnu, líla aláìsàn lọ́yẹ̀, dídìde lórí bẹ́ẹ̀dì, àti gbígbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè. Òtútù àyà dín kù lọ́dọ̀ wọn, kò sì sí ọ̀kan tó gbówó lórí nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí iṣẹ́ abẹ wà níwájú yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sìgá sílẹ̀ láti ìsinsìnyí. Ẹ̀yin ẹbí, bí wọ́n bá ní kí aláìsàn má jẹun fún wákàtí 6, ẹ má yọ́ oúnjẹ fún un. Bó bá sì ti jẹun, ẹ sọ fún dókítà, nítorí oúnjẹ tó bá gòkè kí rọ́bà tó wọlé lè bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóóró tààrà. Nígbà tó bá jí, ẹ fún un ní ìrọ̀rí kó fi di ojú ọgbẹ́ mú, kó wúkọ́ dáadáa. Bí ìrora kò bá jẹ́ kó lè ṣe é, ẹ béèrè oògùn ìrora lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.