Ẹ má pa ọmọ tó ń dá sọ̀rọ̀ lẹ́nu mọ́!
*Ohun tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín onímọ̀ méjì rèé

Ọ̀pọ̀ òbí ló jẹ́ pé bí ọmọ wọn bá ń dá sọ̀rọ̀ nídìí iṣẹ́ àṣetiléwá, ariwo ni wọ́n máa ń pa mọ́ ọn: "Panu ẹ dé jàre, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" Ẹlòmíì tiẹ̀ lè gbá a létí. Bẹ́ẹ̀, lórí irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni gbajúmọ̀ onímọ̀ méjì ti takora.

Ọdún 1896 ni wọ́n bí àwọn méjèèjì. Ọmọ Switzerland ni Jean Piaget, abẹ́ ìjọba Rọ́ṣíà ni wọ́n bí Lev Vygotsky sí.

Piaget ló kọ́kọ́ sọ tiẹ̀. Ní Geneva, wọ́n fi bí oṣù kan kọ ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́fà méjì sílẹ̀. Nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1923, ó ní ọmọdé kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ro tẹlòmíì mọ́ tẹni, ìyẹn ló ṣe ń dá sọ̀rọ̀. Tó bá ti gbọ́n sí i, á jáwọ́.

Vygotsky ní kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó ṣe é kí bébà tàbí pẹ́ńsù táwọn ọmọ kan fẹ́ẹ́ fi yàwòrán má sí nílẹ̀. Kíá lọ̀rọ̀ àdásọ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì! Ọmọ ọdún márùn-ún àbọ̀ kan ń ya ọkọ̀ ojú irin ìgboro lọ́wọ́ ni pẹ́ńsù ẹ̀ bá kán. Ó rọra sọ ọ́ sẹ́nu pé, "Ó ti kán." Ló bá mú ọ̀dà, ó sì ya ọkọ̀ tó ti ní jàǹbá. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ló yí èrò ẹ̀ padà. Vygotsky ní ọ̀rọ̀ àdásọ kì í pòórá, inú ló ń wọ̀ lọ, òun ló ń di ìrònú àgbàlagbà.

Ikọ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ pa á lọ́dún 1934, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì péré. Ìjọba Stalin tẹ iṣẹ́ ẹ̀ rì, ó di 1962 kí wọ́n tó túmọ̀ ìwé ẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún yẹn náà ni Piaget fèsì. Ó gbà pé lóòótọ́, ọ̀rọ̀ àdásọ ọmọdé ló ń di ọ̀rọ̀ inú. Ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ ti wà ní sàréè láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n!

Ẹ̀yin náà ẹ wo ara yín. Bẹ́ ẹ bá ń ka owó tí kò pé, tàbí tẹ́ ẹ̀ ń wá kọ́kọ́rọ́, ṣé ẹnu yín kì í mì ni? Bí ìṣírò bá le mọ́ ọmọ yín lọ́wọ́, tó ń kùn wúyẹ́wúyẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Orí ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ yẹn.